Òkú Íjíbítì Di Ìtàn, Orí Ifẹ̀ Di Òrìṣà: Kí Là Ń Kọ́ Ọmọ Wa?

Ọ̀rọ̀ tòní ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo sì fẹ́ kí a jọ sọ ọ́.

Ìyá kan ní Mafoluku ló fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Ó ní ọmọ òun tó wà ní JSS 1 gbé iṣẹ́ àṣetiléwá dé láti kíláàsì History. Wọ́n ní kó kọ àṣà márùn-ún ti àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ àti márùn-ún ti àwọn ará Nok, kó sì ya àwòrán kọ̀ọ̀kan sí i. Ọmọ ya òkú Íjíbítì tí wọ́n fi aṣọ wé látorí dé ẹsẹ̀, ó kùn ún ní àwọ̀ wúrà, inú rẹ̀ dùn. Nígbà tó kan orí amọ̀ àwọn ará Nok, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò lè ya òrìṣà sínú ìwé òun. Ìyá rẹ̀ wá bi mí pé: "Bọ̀dá, ṣé ọmọ yìí jàre àbí kò jàre? Àti pé, ẹ má bínú o, kí ni gbogbo èyí fẹ́ ṣe fún un nínú Èkó tí a wà yìí?"

Ìbéèrè méjì nìyẹn, ọ̀kan kò sì rọrùn ju èkejì lọ.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká rántí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé náà ni o. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án jáde ní 2007, History kò dá dúró mọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ní JSS. Wọ́n po díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ Social Studies, ó sì rọra di ohun tí a ń gbọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Ní 2018 ni ìjọba pàṣẹ pé kó padà wá dá dúró. Ní 2025, wọ́n kéde rẹ̀ pé dandan ni láti Primary 1 títí dé JSS 3. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín: ọmọ tó wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn 2007 lè ti di olùkọ́ báyìí. Ohun tí wọn ò kọ́ ọ ní kékeré ni a ní kó máa kọ́ ọmọ wa. Bí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ bá di ìwé mú ní ọwọ́ méjèèjì tó ní "ẹ kọ márùn-ún," èmi ò bá a wí. Nǹkan tí kò lè ṣìnà ni ó ń ṣe.

Àmọ́ "ẹ kọ márùn-ún" kì í ṣe ìtàn. Ẹ gbọ́ bó ṣe máa ń rí: àwọn ará Nok ń fi amọ̀ mọ orí, wọ́n ń yọ́ irin, wọ́n ń dáko. Ọmọ há a sórí, ó da á sílẹ̀ nínú ìdánwò, ó tán. Kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Ibi tí adùn ìtàn wà ni ìbéèrè kékeré kan tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti máa bi wá títí a ó fi ní kí wọ́n dákẹ́: báwo lẹ ṣe mọ̀?

Ó dáa, báwo la ṣe mọ̀ nípa Nok? Ní 1928, níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà lẹ́bàá abúlé kan tó ń jẹ́ Nok, ní apá gúúsù Kàdúná òde òní, wọ́n hú orí kékeré kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Wọ́n gbé e pamọ́, ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n tún hú òmíràn lágbègbè Jemaa, èyí tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Akọ̀wé kan níbi ìwakùsà náà rí i, ó wù ú, ó gbé e lọ sílé. Ẹ mọ ohun tó fi ṣe? Ó fi í sórí igi láàárín oko iṣu rẹ̀, kó máa bá a lé ẹyẹ! Ó tó ọdún kan tí orí yẹn fi dúró nínú oòrùn àti òjò tó ń ṣọ́ iṣu. Ọ̀gá ibi ìwakùsà ló wá rí i, tó gbé e lọ sí Jos fún ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan, Bernard Fagg, tó ti kọ́ ìmọ̀ wíwá ìtàn nínú ilẹ̀ ní yunifásítì Cambridge. Fagg wo ojú, ó wo imú, ó rántí ti 1928, ó ní àwọn méjèèjì jọra: iṣẹ́ àwọn ènìyàn kan náà nìyí. Ó bẹ gbogbo àwọn awakùsà pé kí wọ́n má ju nǹkankan nù mọ́. Báyìí ni orí, apá àti ẹsẹ̀ ṣe ń wọlé wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n wá ṣe ìwádìí ọjọ́ orí wọn, ó lé ní 2,000 ọdún.

Kí ọmọ JSS 1 gbọ́ ìyẹn ná, ẹ wá wò ó bóyá yóò sùn. Ó máa bi yín pé ìwo lára ohun tó wà nínú yàrá ìdáná wa ló lè jẹ́ ohun ìtàn. Ó máa bi yín pé kí wá ni wọ́n ń fi orí yẹn ṣe gan-an? Ìdáhùn tòótọ́ ni pé ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Kódà "Nok" tí à ń pè wọ́n, orúkọ abúlé ni. Orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn ti bá wọn lọ. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí bóyá òrìṣà ni àwọn orí yẹn, tàbí àwòrán òkú, tàbí ohun ọ̀ṣọ́ àwọn olówó. Ọmọ wa ní Mafoluku nìkan ni ọ̀rọ̀ náà dá lójú.

Níbo ló ti gbọ́ ọ? Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: ọ̀dọ̀ wa ni. Nílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé kéwú. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Èmi náà ní ibi tí mo ti ń jọ́sìn, mo sì ń lọ déédéé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi òkú Íjíbítì tó kùn ní wúrà yẹn sórí ìwọ̀n. Àádọ́rin ọjọ́ ni wọ́n fi ń tọ́jú òkú. Wọ́n á yọ ìfun, wọ́n á fi iyọ̀ ilẹ̀ gbẹ ẹ́, wọ́n á fi aṣọ wé e, àlùfáà á máa ké ògèdè lé e lórí bí wọ́n ṣe ń wé e, nítorí wọ́n gbà pé òkú náà ń lọ síwájú Osiris, ẹni tí ń jọba lórí àwọn òkú. Kò sí ibi kankan nínú iṣẹ́ yẹn tí kì í ṣe ẹ̀sìn. Bó bá jẹ́ ìbọ̀rìṣà là ń sá fún, kí ọmọ kọ́kọ́ sá fún ti Íjíbítì.

Kò sá nítorí pé Íjíbítì jìnnà. Ìwé òyìnbó ló gbé e wá, ó wà nínú fíìmù, kò sì sí ẹni tó ń ṣe ọdún Osiris ní Àjàó Estate. Èyí tó jìnnà la ń pè ní ìtàn. Èyí tó bá wa kan ilẹ̀, tí egúngún rẹ̀ ṣì lè gba ojúlé wa kọjá lọ́dún, òun la ń pè ní òrìṣà tí a sì ń gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ohun tó sì ń dùn mí nìyí: ọmọ tó bá kọ́ láti gbé ojú kúrò lára ohun tirẹ̀ kò lè lóye ti Íjíbítì pàápàá. Àwòrán lásán ló ń kùn.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní àpẹẹrẹ kan. Ní Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní àkó. Bí ènìyàn pàtàkì bá kú tí wọ́n ti sin ín, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ lè ṣe ìsìnkú kejì. Wọ́n á ní kí wọ́n gbẹ́ ère igi tó ga tó ènìyàn gan-an, tí ojú rẹ̀ jọ ojú olóògbé. Wọ́n á wọ aṣọ olówó ńlá fún un, wọ́n á gbé e káàkiri ìlú, kí gbogbo ayé rí i kó tó wọlẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ń bọ igi. Ìdágbére ni. Ṣé ẹ ti rí àwòrán òkú ńlá tí à ń tẹ̀ sára T-shirt àti sára bánà ní ìnáwó òkú ní Ìsọlọ̀? Ṣé à ń bọ bánà ni?

Ó dáa, ẹ mú àkó dání ká fi wọ Ilé-Ifẹ̀. Ní 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọnìjẹ̀, tí kò jìnnà sí ààfin Ọọ̀ni, wọ́n bá àwọn orí kan pàdé nínú ilẹ̀, tí wọ́n fi idẹ àti bàbà rọ, tó dán, tó jọ ojú ènìyàn alààyè. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1910, ará Jámánì kan, Leo Frobenius, ti dé Ifẹ̀. Nígbà tó rí bí iṣẹ́ náà ṣe dára tó, kò gbà pé aláwọ̀ dúdú ló ṣe é. Ó ní àwọn ará Atlantis, ìlú inú ìtàn àròsọ àwọn Gíríìkì, ló fi í sílẹ̀! (Ẹ fojú inú wò ó: ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti gba ìlú tó rì sínú òkun gbọ́ ju láti gba àwọn baba àwọn ènìyàn tó dúró níwájú rẹ̀ gbọ́.) Frank Willett tó wá ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀ lẹ́yìn náà wo ihò tó wà lọ́rùn àwọn orí idẹ yẹn, ó sì béèrè pé: ṣé kì í ṣe ara igi ni wọ́n ń kàn án mọ́, kí wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ, kí wọ́n fi ṣe ìsìnkú kejì fún ọba, bí wọ́n ti ń ṣe àkó ní Ọ̀wọ̀? Àwọn mìíràn kò gbà. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ adé ni wọ́n ń gbé lé e. Àríyànjiyàn ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ rí ọ̀nà tó gbà ronú: àṣà àwọn ará Ọ̀wọ̀ ló fi ń wá ìtumọ̀ ohun tó ti wà nínú ilẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Bí àwọn ará Ọ̀wọ̀ bá ti sọ àkó nù pátápátá láìkọ ọ́ sílẹ̀, ìbéèrè yẹn kò ní wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, mama, ọmọ kò jàre. Ṣùgbọ́n ẹ má fipá mú un yà á. Ẹ sọ ìtàn oko iṣu yẹn fún un, kí ẹ wá gbé pẹ́ńsùlù sí tòsí rẹ̀.

Ìbéèrè kejì ló le, pé kí ni ó fẹ́ ṣe fún ọmọ nínú Èkó yìí. Àwọn tó ń gba ẹnu History sọ̀rọ̀ sábà máa ń sọ pé yóò jẹ́ kí ọmọ fẹ́ràn orílẹ̀-èdè rẹ̀. Èmi ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti rí àwọn tó mọ ìtàn dáadáa tí wọ́n sì ń ta ilẹ̀ ìjọba. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, nítorí owó làwa ará Èkó máa ń tètè gbọ́.

Ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olóyè onífìlà funfun Èkó, ní ilẹ̀ ìdílé òun ni, kí wọ́n san owó rẹ̀. Ìjọba ní rárá o, ẹ̀tọ́ láti gba ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni olóyè ní, kò ni ilẹ̀. Kóòtù ní Èkó gbè sẹ́yìn ìjọba. Olóyè Olúwa kò gbà. Ní 1920 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ tí wọ́n ń pè ní Privy Council dá a láre. Adájọ́ Haldane sọ nínú ìdájọ́ náà pé kí àwọn adájọ́ ṣọ́ra kí wọ́n má fi òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ ẹ̀tọ́ ilẹ̀ ní ibòmíràn. Kí wọ́n wádìí àṣà àti ìtàn àwọn ènìyàn náà ná. Àwùjọ ló ni ilẹ̀, olóyè ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn, nítorí náà owó ilẹ̀ lódindi ni kí wọ́n san. £22,500 ni wọ́n san nígbẹ̀yìn, owó ńlá láyé ìgbà náà.

Ẹ wò ó dáadáa: ohun tí wọ́n jà lé lórí lọ́hùn-ún kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Ìbéèrè inú kíláàsì History ni: báwo ni àwọn ará Èkó àtijọ́ ṣe ń ní ilẹ̀? Ẹni tó lè dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rí ló jàre.

Ó tún kan ibi tí a ń gbé yìí. Lójoojúmọ́ ni kọ́ndọ́ ń pariwo "Òṣòdì Òkè, Òṣòdì Ìsàlẹ̀!" tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ilé ìwé ń sọ̀ kalẹ̀ ní àwọn tẹ́míná mẹ́ta tí wọ́n ṣí ní 2019. Ẹ bi ọ̀kan nínú wọn pé ta ni Oṣòdì. Ọ̀pọ̀ á rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé orúkọ ibùdókọ̀ ni. Ènìyàn ni! Oṣòdì Tápà, bí orúkọ rẹ̀ ti wí, kì í ṣe Yorùbá. Ọmọ Tápà ni. Ìtàn sọ pé gẹ́gẹ́ bí ẹrú ló dé Èkó, tó sì dàgbà ní ààfin, títí ó fi di olóyè àti olórí ogun fún Kòsọ́kọ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá ọkọ̀ ogun wó Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, ó bá Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní 1862 wọ́n padà, wọ́n fún wọn ní ibi kan ní Èkó láti tẹ̀dó sí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe ibẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí dòní. Ó kú ní 1868. Ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó náà dé iwájú Privy Council ní 1930, lórí ta ni yóò gba owó nígbà tí ìjọba gba apá kan nínú rẹ̀: ṣé olóyè Oṣòdì ni àbí àwọn tó ń gbé inú agbo ilé? Wọ́n tún ní láti padà lọ béèrè àṣà.

Nínú ọkùnrin kan ṣoṣo yìí, olùkọ́ lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọ́ ọmọ. Irú ẹrú wo ni ẹrú tó lè di balógun? Báwo ni àjèjì ṣe ń di ọmọ ilé? Kí ni agbo ilé? Ìbéèrè nípa àṣà àtijọ́ ni gbogbo wọn, kò sì sí èyí tó nílò pírámídì. Kò sì yẹ ká fi oyin pa á lójú ọmọ o. Òwò ẹrú wà nínú rẹ̀, ogun ọmọ ìyá sí ọmọ ìyá wà nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìsọlọ̀. Ìlú Àwórì ni, ó sì ní ọba tirẹ̀, Ọ̀sọlọ̀, kí ilé alájà tó bo ibẹ̀. Àwọn Àwórì ní Ògúnfúnminírè ni baba àwọn, pé ó kúrò ní Ifẹ̀, ó gbé àwo lé ojú omi, ó ń tẹ̀lé e títí àwo fi rì ní Ìṣẹ́rí, létí odò Ògùn. "Àwo ti rì." Ọmọ tó gbọ́n á sọ pé àwo kò lè rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ láìdojú dé. Ẹ má bá a wí. Ẹ bi í padà pé: kí ni ìtàn náà ń ṣe fún àwọn tó ń sọ ọ́? Ó ń sọ ibi tí wọ́n ti wá, ó ń sọ ẹni tó jẹ́ baba wọn, ó sì ń sọ pé ibi tí àwọn wà, àwọn kọ́ ló fi ipá yàn án, omi ló fi hàn wọ́n. Ìwé ilẹ̀ ni, kí bébà tó dé. Ìbéèrè kan náà tí Olóyè Olúwa gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ni àwo yẹn ti ń dáhùn láti ọjọ́ yìí.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń gbọ́ wa, mo mọ̀ pé kò sí owó ọkọ̀ láti kó kíláàsì lọ sí Ifẹ̀ tàbí Ọ̀wọ̀. Ọ̀nà kò jìn sí Oníkan. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀ láti 1957 ní àwọn orí Nok nínú, ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró níwájú wọn fúnra rẹ̀. Níbi tí ìyẹn kò bá sì ṣeé ṣe, ẹ fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá tí kò ní "márùn-ún" nínú: kí olúkúlùkù lọ bi ẹni tó dàgbà jù ní ojúlé rẹ̀ pé, kí ni wọ́n ń ṣe nílé yín nígbà kan rí tí ẹ kì í ṣe mọ́, kí ló dé tí ẹ fi dá a dúró? Àwọn ọmọ Ìgbò, ọmọ Hausa, ọmọ Ègùn wà nínú kíláàsì Oṣòdì; ẹ ó rí i bí ìdáhùn yóò ṣe pọ̀ tó.

Àwa tó wà nílé, fóònù wa ń gba ohùn sílẹ̀. Bàbá àgbà tó mọ bí Ìsọlọ̀ ṣe rí nígbà tí odò ṣì mọ́, ẹ jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ Sunday yìí, ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa yẹn, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ ló béèrè ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gbà, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, a ó fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ètò wa tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ti ìgbà kan, ìròyìn bọ́ọ̀lù bo gbogbo ohùn màmá mọ́lẹ̀.